Mo Ti Dán An Wò

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, kí Adédoyin tó ka kóòdù tí Dàmọ́lá kọ, ó ti rí orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. "Adédoyin ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fọwọ́ sí i," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ kò tíì kan ìlà kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ náà.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Baṣírí, ní Adó-Èkìtì, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páànù. Ẹ̀rọ tó ń mú ìrẹsì gbẹ ni wọ́n ń ṣe fún àwọn àgbẹ̀, nítorí pé nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, kò sí oòrùn tí èèyàn yóò sá ìrẹsì bíbọ̀ sí. Àpótí irin kan wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kékeré kan sì wà nínú àpótí náà tó ń wo ooru, tó ń pàṣẹ fún fáànù. Kì í ṣe ibi tí oníbàárà ń fọwọ́ tẹ̀ ni Adédoyin ti ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni tirẹ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ pé òun ló ń bá irin àti wáyà sọ̀rọ̀, tí gbogbo kóòdù yòókù sì dúró lé lórí. Bí ti òkè bá ṣe wèrè, èèyàn á pa á, á tún un tàn. Bí kánẹ́ẹ̀lì bá kú, ẹ̀rọ kú nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá yí ohunkóhun padà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dán an wò lórí ẹ̀rọ gidi, kó sì kọ ọ́ pé òun ti dán an wò. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kà á láti òkè dé ilẹ̀ kó tó jáde. Dàmọ́lá ló ń kọ, Adédoyin ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Dàmọ́lá yìí kan náà ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìdílé méjèèjì ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Ìjan, ìlú Adédoyin, wọ́n sì ti dá oṣù Kejìlá fún ìgbéyàwó. Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn Dàmọ́lá. Ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, kò sì sí àgbàlagbà tí kì í dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀.

Adédoyin yí àga rẹ̀ padà. "Dàmọ́lá, ta ló kọ orúkọ mi síbí?"

"Èmi ni." Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ló ń jẹ. "Mo mọ̀ pé o ò ní sọ pé rárá. Mo bá kúkú bá ọ kọ ọ́ kí iṣẹ́ lè yá."

"Mi ò tíì kà á."

"Ṣebí èmi ni mo kọ ọ́? Bó bá di oṣù Kejìlá, orúkọ mi náà kọ́ ni wàá máa jẹ́? Tèmi, tìẹ, orúkọ wa náà ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó jókòó nítòsí náà bá a rẹ́rìn-ín. Adédoyin gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan rìn ín lára, bí ìgbà tí aláǹgbá bá gba orí ẹsẹ̀ èèyàn kọjá.

Ó yíjú padà, ó ka kóòdù náà. Kò gùn. Dàmọ́lá fẹ́ kí ẹ̀rọ tètè máa ka ooru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú kánẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ tó bá fẹ́ lo wáyà tó ń wọn ooru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tilẹ̀kùn mọ́rí, kí iṣẹ́ mìíràn má bàa já lù ú. Bó bá parí, á ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó kàn. Dàmọ́lá tilẹ̀kùn dáadáa. Bí wáyà bá dáhùn, ó ṣí i. Ṣùgbọ́n bí wáyà kò bá dáhùn, kóòdù rẹ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ, á fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní títì. Gbogbo iṣẹ́ tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á dúró síta, wọn á sì máa dúró títí ayé. Fáànù wà lára àwọn tí yóò dúró.

Lókè ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, Dàmọ́lá kọ ọ́ pé: "Mo ti dán an wò ní Sátidé lórí àpótí ìdánwò tó wà ní Ìgbẹ́mọ. Mo yọ wáyà ooru nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Kò sí wàhálà kankan."

Adédoyin kọ́kọ́ rò pé òun ni òun ṣì í kà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà. Ibì kan náà ló tún já sí. Ẹni tó bá yọ wáyà yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ojú rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò ṣe kú.

"Dàmọ́lá, ṣé o yọ wáyà yẹn?"

"Mo yọ ọ́."

"Nígbà tí fáànù ń fẹ́?"

"Mo ní mo yọ ọ́. Àbí kí n búra ni?"

Ó ń wò ó lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Ojú rẹ̀ mọ́ gaara.

Adédoyin dìde, ó lọ bá Ọ̀gá Ayọ̀túndé, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà, nínú yàrá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má tíì jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn jáde.

"Ó ti jáde," ni Ọ̀gá Ayọ̀túndé wí. "Láti àná ni mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ àwọn obìnrin Ìgbẹ́mọ, lẹ́yìn ìsìn. Orúkọ Dàmọ́lá wà níbẹ̀, tìrẹ náà wà níbẹ̀. Kí ni mo tún ń dúró dè?"

"Ọ̀gá, èmi kọ́ ni mo kọ orúkọ mi. Ẹ jẹ́ ká dá a padà."

Ọ̀gá Ayọ̀túndé wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ fi ìjà ilé dí iṣẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ lọ parí rẹ̀ láàárín ara yín. Bí àléébù bá wà níbẹ̀, a ó rí i."

Ọjọ́ kejì ni ìpè dé láti Ìgbẹ́mọ. Màmá Òkìkí ni, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onírẹsì níbẹ̀, tí ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ àkóso wọn. Kò pariwo. "Adédoyin, ọmọ mi," ni ó wí, "ẹ̀rọ yín ti dákẹ́ láti àná. Ìrẹsì wa ti ń rùn."

Ọ̀gá ní kí àwọn méjèèjì lọ. Dàmọ́lá ní kò pọn dandan, iná mànàmáná ni yóò ti ṣe é, inú sì ń run òun díẹ̀. Adédoyin nìkan ló wọkọ̀.

Kó tó dé ilé ìrẹsì náà rárá ni òórùn ti pàdé rẹ̀ lọ́nà. Kì í ṣe òórùn ìrẹsì bíbọ̀ tó mọ̀, èyí tó máa ń dùn mọ́ni nímú bí oúnjẹ ọ̀sán. Ó kan, ó tún wúwo, bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi tí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ń fi ṣọ́bìrì kó ìrẹsì jáde kúrò nínú ẹ̀rọ, wọ́n fi etí gèlè bo imú. Wáyà tó ń wọn ooru ti tú díẹ̀ nídìí, bó ṣe máa ń tú bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́. Kò dáhùn lẹ́ẹ̀kan, fáànù dúró, ṣùgbọ́n iná abẹ́ ẹ̀rọ kò kú. Gbogbo òru ni ìrẹsì tútù náà fi wà nínú ooru láìsí atẹ́gùn. Ó ti lẹ̀ mọ́ra, ó ti ń fà bí ilá. Adédoyin ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú bí ara èèyàn. Nígbà tó fa ọwọ́ yọ, okùn funfun kan fà láàárín ìka rẹ̀. Adìẹ kan wá ṣa ẹyọ kan nílẹ̀, ó nu àgógó rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kí i, kò sì wo ojú rẹ̀.

Adédoyin rìn kọjá lára ìrẹsì náà. Ó ní kí Màmá Òkìkí jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun ṣí yàrá tí àpótí ìdánwò wà. Àpótí yìí rí gẹ́gẹ́ bíi ti ẹ̀rọ ńlá, wọ́n so ó mọ́ fáànù kékeré kan nínú yàrá ẹ̀yìn, nítorí ìdánwò nìkan. Orí rẹ̀ ni Dàmọ́lá kọ ọ́ pé òun ti dán kóòdù náà wò. Adédoyin fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó mú kó yàtọ̀, tó fi jẹ́ pé wáyà yọ tí kò kú. Ó ṣì ń wá ohun tí yóò fi dá Dàmọ́lá láre.

Kọ́kọ́rọ́ ké bó ṣe ń yí nínú àgádágodo. Aláǹtakùn ti ta òwú dí ẹnu ọ̀nà. Adédoyin fi ọwọ́ gbá a kúrò, ó tú ìdérí àpótí, ó sì fò sẹ́yìn.

Eku ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Wọ́n ti gé wáyà jẹ wẹ́wẹ́, wọ́n fi awọ rẹ̀ pupa àti dúdú tẹ́ ibùsùn pẹ̀lú ìṣẹ́kù àpò àti irun. Àwọn ọmọ eku pupa yòò, tí ojú wọn kò tíì là, ń yí lura wọn lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n so àwọn wáyà mọ́. Ìtọ̀ eku ti jẹ irin bọ́ọ̀dù náà di àwọ̀ ewé. Ìyá eku kan ti kú sí igun, ó ti rà, ìdin sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Òórùn ìtọ̀ àti ti òkú dà pọ̀, wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì bọ́ sí i lẹ́nu.

Ó sáré jáde. Ẹ̀yìn ògiri ló ti bì. Ó bì títí kò fi ku nǹkan kan ju omi kíkorò lọ. Màmá Òkìkí bu omi wá, ó di orí rẹ̀ mú bí ìyá ṣe ń di ti ọmọ mú.

"Màmá, ta ló ṣí yàrá yìí kẹ́yìn?"

"Ìwọ náà ni. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà."

"Dàmọ́lá kò wá ní Sátidé?"

"Ọkọ rẹ? Ó wá. Ó bá wa jẹ iyán, ó bá wa ya fọ́tò níwájú ẹ̀rọ, ó yìn wá gan-an ni. Kò bèèrè kọ́kọ́rọ́."

Adédoyin nu ẹnu rẹ̀. Ohun tó ń rí lọ́kàn kì í ṣe eku mọ́. Dàmọ́lá ló ń rí, tó jókòó ti iyán, tó ń fi ìka tí ọbẹ̀ kùn tẹ fóònù pé òun ti yọ wáyà. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn kò ní àléébù kankan. Ó tilẹ̀ fi kún un pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí òun yọ ọ́, kó lè dùn létí.

Màmá Òkìkí fi igbálẹ̀ gbá ilé eku náà jáde, òun àti àwọn ọmọ eku. Adédoyin di àpótí òfìfo náà sínú àpò ìrẹsì, ó gbé e lọ. Awakọ̀ ní kó gbé e sí ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé. Nítorí òórùn rẹ̀, Adédoyin kò gbé e dé ilé-iṣẹ́. Yàrá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e lọ, ó fi sí ẹ̀yìnkùlé, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, kó tó lọ sí Baṣírí. Òórùn náà ṣì wà ní imú rẹ̀.

Orí àtẹ̀gùn ni Dàmọ́lá ti pàdé rẹ̀. Ó ti ra ẹja díndín dè é. "Ìyàwó mi, báwo ni Ìgbẹ́mọ?"

"Eku ló wà nínú àpótí ìdánwò. Wọ́n ti bímọ síbẹ̀. Kò sí wáyà kan tí o lè yọ, nítorí wọ́n ti jẹ gbogbo rẹ̀."

Adédoyin dúró. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀ gidi, kó tilẹ̀ dákẹ́. Dàmọ́lá bú sẹ́rìn-ín.

"Eku! Ah, àwọn ará Ìgbẹ́mọ yìí! Wò ó, nǹkan kékeré ni mo yí padà. Mo fi ojú wo kóòdù yẹn, mo mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́."

"O kọ ọ́ pé o yọ wáyà."

"Bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ń dán gbogbo rẹ̀ wò, ó ń tàn ọ́ ni. Má jẹ́ kí eku bà wá nínú jẹ́ o."

Ó na ọwọ́ láti nu nǹkan kan kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òróró ẹja wà ní ìka rẹ̀. Adédoyin fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ì bá dára ká ní ìbínú ni, nítorí ìbínú máa ń rọlẹ̀. Ara rẹ̀ ló kọ ọwọ́ náà, bí ẹnu ṣe ń kọ ọbẹ̀ tó ti kan.

Nínú yàrá Ọ̀gá, Ọ̀gá Ayọ̀túndé ní kó sọ fún àwọn obìnrin Ìgbẹ́mọ pé iná mànàmáná ló ṣe ségesège. Ó ní àwọn yóò fún wọn ní ìrẹsì mìíràn, kò sì sí ohun tí àlàyé gígùn fẹ́ ṣe. Dàmọ́lá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Adédoyin fa fóònù yọ, ó pe Màmá Òkìkí níṣojú wọn.

"Màmá, iná kọ́ o. Àwa ni. A fi kóòdù tí ẹnikẹ́ni kò dán wò ránṣẹ́ sí yín, a sì kọ ọ́ pé a ti dán an wò."

"Mo gbọ́," ni Màmá Òkìkí wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀gá Ayọ̀túndé bínú débi pé ó lu tábìlì. Ó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ni Adédoyin ń bà jẹ́ yẹn. Adédoyin jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yọ iṣẹ́ Dàmọ́lá kúrò lára ẹ̀rọ Ìgbẹ́mọ, ó dá ti tẹ́lẹ̀ padà, ó sì pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ níbi tí kò ti kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé àpótí náà lọ sí Ìjan, sí ilé màmá rẹ̀. Màmá rẹ̀ ti fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kò sì fẹ́ràn ìdọ̀tí. Ó ní kí Adédoyin má gbé nǹkan yẹn kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni Adédoyin ti fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ irin rẹ̀. Ó ju bọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ nù, ó fi tuntun sí i, ó jo àwọn wáyà tuntun mọ́ ọn, ó so ó mọ́ fáànù kékeré. Ó kọ́kọ́ fi kóòdù Dàmọ́lá sí i. Fáànù ń fẹ́ wùyẹ̀wùyẹ̀. Ó yọ wáyà ooru.

Fáànù dúró. Ó fi wáyà padà, fáànù kò yí. Ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ bí òkúta.

Ìlà kan ṣoṣo ló fi kún un, èyí tó ń ṣílẹ̀kùn kí kóòdù tó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó tún un tàn, ó yọ wáyà, ó fi í padà, ó yọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Fáànù kò dúró mọ́. Kàkà kí inú rẹ̀ dùn, ṣe ni ìríra náà tún ru sókè. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gba Dàmọ́lá.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó sọ fún màmá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ Dàmọ́lá mọ́.

Màmá gbé síbí sílẹ̀. "Ṣé ó nà ọ́ ni?"

"Rárá, Màmá."

"Obìnrin mìíràn?"

"Mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ọtí ló ń mu?"

"Kì í mutí."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó kọ ọ́ pé òun ti ṣe ohun tí kò ṣe. Ó sì kọ orúkọ mi tì í."

Màmá dúró kó sọ ìyókù. Nígbà tí kò sí ìyókù, ó mí kanlẹ̀. "Adédoyin, ta ni kò purọ́ rí? Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ó máa ń sọ pé òun ti sanwó omi nígbà tí kò tíì kúrò lórí àga. Torí ìrẹsì lo ṣe fẹ́ kọ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti wá dọ̀bálẹ̀ níbí?"

"Màmá, bó bá ní òun ti jẹun báyìí, ṣe ni mò ń rò ó bóyá ó jẹun. Bó bá fọwọ́ kàn mí, èébì ń gbé mi. Ara mi kọ̀ ọ́."

"Ara kì í ṣe adájọ́," ni Màmá wí, ó sì palẹ̀ àwo mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Dàmọ́lá dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Babátúndé, ló mú un wá. Olùkọ́ ni Babátúndé ní Adó, èèyàn jẹ́jẹ́ tó ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, Màmá ní kí wọ́n dìde, ó gbé omi fún wọn. Adédoyin jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

"Màmá," ni Babátúndé bẹ̀rẹ̀, "àbúrò mi ti jẹ́wọ́ fún mi. Ó ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́, àṣìṣe náà sì kan Adédoyin. A ò wá jiyàn. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀."

Ojú Màmá rọ̀. "Ẹ ṣeun. Ọmọ mi náà le díẹ̀."

Dàmọ́lá fa ara rẹ̀ síwájú lórí àga. Ohùn rẹ̀ rọ bí ti ẹni tó ń gbàdúrà. "Màmá, kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí débi pé mo lọ sí Ìgbẹ́mọ fúnra mi lánàá. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Màmá Òkìkí. Mo kó eku kúrò nínú àpótí yẹn, mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ wáyà rẹ̀. Mo wá yọ wáyà ooru, mo dán an wò dáadáa. Ó ti ń ṣiṣẹ́."

Babátúndé mi orí, inú rẹ̀ dùn sí i. Ó hàn pé òun náà ti gbọ́ ìtàn náà lọ́nà.

"Àpótí wo?" ni Adédoyin bèèrè.

"Àpótí ìdánwò."

"Níbo ló wà?"

"Nínú yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀, níbi tó ń wà. Òjò tilẹ̀ pa mí bọ̀."

Omi ti wà lójú rẹ̀. Adédoyin rí i, òtútù sì mú un. Ó dìde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lọ. Màmá ń wo Dàmọ́lá, ẹnu rẹ̀ ti là díẹ̀, nítorí láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń fi ẹsẹ̀ kọ àpótí yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, tó ń kùn. Adédoyin gbé e wọlé, ó gbé e sórí tábìlì àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: ÀPÓTÍ ÌDÁNWÒ, ÌGBẸ́MỌ.

Babátúndé ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó tún un kà.

"Dàmọ́lá, ṣé àpótí tí o fọ̀ lánàá nìyí?"

Dàmọ́lá wo àpótí náà, ó wo Adédoyin, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan náà tó rín lórí àtẹ̀gùn ni, ó ń dún bí ẹni tí wọ́n mú nínú eré ọmọdé. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn àpótí náà pọ̀ o..."

"Ẹyọ kan ló wà," ni Adédoyin wí. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti wà lọ́wọ́ mi."

"Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé mo ti pinnu láti lọ. Ní ọ̀la. Bí mo ti pinnu ẹ̀, ṣebí bí ẹni pé mo ti lọ ni..."

"Urọ́!" Màmá dìde. Ohùn tó fi ń lé ọmọ jáde ní kíláàsì ló fi sọ ọ́. "Urọ́ ni! Ó wò mí lójú. Nínú ulé mi, lọ́jọ́ Àìkú, o wò mí lójú!"

Babátúndé mú fìlà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó pẹ́ nílẹ̀. "Ẹ má bínú sí wa, Mà," ni ó wí, ó sì jáde láìdúró de àbúrò rẹ̀. Dàmọ́lá ṣì ń ṣàlàyé lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi mọ́tò sí jíà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá mú ife tí Dàmọ́lá fi mu omi, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Kò sọ pé Adédoyin jàre. Ó kàn ní, "Omi náà ti wà lójú rẹ̀," ó sì tutọ́ sílẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó ṣe rí.

Màmá dá ẹrù mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ padà fún ìdílé Dàmọ́lá kí oṣù tó parí. Ní ilé-iṣẹ́, Adédoyin wá orúkọ ara rẹ̀ káàkiri nínú àwọn iṣẹ́ tí Dàmọ́lá ti ṣe sẹ́yìn. Ó rí i lábẹ́ ọ̀pọ̀ tí kò fojú kàn rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dán wọn wò. Àwọn kan dára. Ìyẹn náà rí i lára, pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe dáadáa ni.

Ọ̀gá Ayọ̀túndé kò lé Dàmọ́lá. Ó mú un kúrò nídìí kánẹ́ẹ̀lì, ó fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà, níbi tí ẹ̀rín rẹ̀ ti wúlò, ó sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Òfin tuntun tún jáde: kò sẹ́ni tó lè kọ ọ́ mọ́ pé òun ti dán nǹkan wò láìfi ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ jáde tì í. Ọ̀gá Ayọ̀túndé máa ń fi òfin yìí yangàn fún àwọn àlejò, pé òun ni òun ronú rẹ̀. Lárààárọ̀ ni Dàmọ́lá ń kí Adédoyin tẹ̀ríntẹ̀rín. Adédoyin ń dá a lóhùn, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í kọ ìkíni. Ṣùgbọ́n kì í jẹun kí ìkíni náà tó kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ tuntun parí, tó ti yọ wáyà rẹ̀ láìmọye ìgbà, Adédoyin fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí Ìgbẹ́mọ. Ọ̀wààrà òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Àwọn obìnrin náà ti ta tapólì sórí òpó, wọ́n tẹ́ ìrẹsì sábẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ tú u. Ó ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́ fún Màmá Òkìkí, ó sọ bó ṣe tún un ṣe, ó yọ wáyà níwájú rẹ̀, fáànù sì ń fẹ́ lọ.

Màmá Òkìkí wò ó títí ó fi parí. "O ṣeun, ọmọ mi," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ lò ó, a ó pè yín."

Wọn kò tíì pè.